Àgbẹ̀ Ni Gbogbo Wọn Ń Pe Ara Wọn

Ìyá Oníbéèrè ni wọ́n ń pè mí ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Ẹni tó bá rò pé oríkì ni, kò tíì rí ojú tí àwọn èèyàn máa ń fi wò mí bí mo bá yọ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìbéèrè ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi bi àwọn èèyàn, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìjọba ló gbà mí síṣẹ́. Owó oṣù kéré, ó sì máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n a ò kú. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ nípa owó, nítorí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ kiri ti mọ orin náà sórí.

Iṣẹ́ wa ni pé ká mọ iṣẹ́ tí àwọn èèyàn gúúsù Èkìtì ń ṣe jẹun, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ títí dé Emùré: èwo ló ń gbèrú, èwo ló ń kú lọ. Wọ́n pín in láàárín wa. Ẹnì kan gba oko, ẹnì kan gba ọjà, ẹnì kan gba ilé ìwé. Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní iṣẹ́ ọnà àti ìgbafẹ́ ló kù. Ìyẹn ni àwọn akọrin, àwọn oníjó, àwọn onífọ́tò, àwọn tó ń fi ọ̀dà kọ pátákó, àwọn agbẹ́gi, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Rẹ̀mí, wọ́n ní kó o máa lọ ka àwọn aláríyá." Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi ló ní kí n lọ wò ó ná, pé ẹni tí wọ́n fún ní orí ẹran tó ní ẹsẹ̀ ni òun fẹ́, ebi ò tíì pa á.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Fọláhàn, ọmọ Emùré, ọkùnrin tínrín kan tí kì í pariwo. Ẹ̀rù rẹ̀ bà wá ju ti àwọn tó ń jágbe lọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rán mi, ó ní kí n lọ bá ọkùnrin kan ní Ìsẹ̀ kí n bèèrè iṣẹ́ rẹ̀. Mo wọkọ̀ lọ, mo bi í, ó ní àgbẹ̀ ni òun, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo padà dé kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Mo ń retí kí ọ̀gá yìn mí.

"Kí ló wà lábẹ́ èékánná rẹ̀?" ni ọ̀gá bi mí.

"Èékánná ta ni, sà?"

"Ọkùnrin tí o lọ bá."

"N ò wò ó, sà."

"Padà lọ wò ó."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà. Ó ti gbé gègé rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Mo tún wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ̀, mo ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo wo ọwọ́ bàbá náà dáadáa. Ọ̀dà pupa àti ọ̀dà búlúù ló wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo yọjú sẹ́yìn ilé, mo rí búrọ́ọ̀ṣì tó rẹ sínú kẹrosíìnì, mo sì rí pátákó ilé ìwé kan tó kọ dé ìdajì.

Mo ní, "Baba, ẹ ní àgbẹ̀ ni yín."

Ó ní, "Àgbẹ̀ mà ni mí. Ṣé o fẹ́ rí oko mi ni?"

"Pátákó yìí ńkọ́?"

"Ùyẹn? Mo kàn í fi ṣeré ni."

Ohun tó ń pè ní eré yìí ló fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó sọ iṣẹ́ mi di iṣẹ́ líle. Ní ilẹ̀ wa, kò sẹ́ni tí kò ní oko. Tísà ní oko, pásítọ̀ ní oko, kódà olórin tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún lóde àríyá ní ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bí o bá bèèrè iṣẹ́, oko ni wọn yóò kọ́kọ́ rántí, nítorí oko ni iṣẹ́ ọmọlúàbí. Ohun tó bá jẹ mọ́ orin tàbí ijó tàbí ọnà, eré ni. Àwọn bàbá wa kò fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ àwọn ní alágbe. Torí náà, àgbẹ̀ ni gbogbo wọn ń pe ara wọn.

Òfin méjì ni Ọ̀gá Fọláhàn fi kọ́ mi. Àkọ́kọ́, kí ojú kọ́kọ́ bèèrè kí ẹnu tó bèèrè. Èkejì ló le jù. Ó ní, "Ohun tí onítọ̀hún bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni kó o kọ. Bó o bá mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, jókòó tì í títí yóò fi sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, dìde kó o máa lọ. Ọjọ́ tí o bá fi ọwọ́ tìrẹ kọ ohun tí ẹlòmíràn kò sọ, kí ló kù tí a fi máa gba èyí tí wọ́n sọ gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó nígbà yẹn.

Mo jẹ ìyà àìmọ̀kan ní Ìkẹ́rẹ́ níbí náà. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò Ọ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níjó, wọ́n sì máa ń pè wọ́n síbi ìsìnkú àti ìwúyè. Èmi àti Ọ̀gá Fọláhàn bá wọn lágbàlá níbi tí wọ́n ti ń múra. Èmi tí mo jáde ilé ìwé gíga, mo na ìka sí àwọn ọmọ náà, mo bẹ̀rẹ̀, "Ení, èjì, ẹ̀ta." Ìyá náà fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ọwọ́ mi wálẹ̀.

"Kí lo í kà? Ọmọ ni o í kà àbí uṣu?"

Ọ̀gá Fọláhàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún mi. Ó pẹ́ kí ìyá náà tó rojú gbà. Nígbà tí a jáde, ọ̀gá ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìwé tí o kà kò pa ìyẹn rẹ́." Láti ìgbà náà, bàtà ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń kà. Bí mo bá dé ibi tí wọn kì í bọ́ bàtà, mo máa ń ka àpótí ìjókòó. Ẹ má rò pé ọgbọ́n àrékérekè ni. Ọ̀wọ̀ ni, àwọn ìyá náà sì mọ ohun tí mo ń ṣe. Wọn yóò rọra dẹ́rìn-ín, wọn yóò wò síbòmíràn títí n ó fi kà á tán.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, mo rí àwọn iṣẹ́ tó dé àti àwọn tó lọ. Mo rí i nígbà tí ilé sinimá máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà, mo sì rí i nígbà tí wọ́n ń sá gbágùúdá níwájú rẹ̀. Àwọn onífọ́tò tó ní yàrá òkùnkùn, tí wọ́n ń fi omi oògùn fọ àwòrán, di ẹni tó ń ta káàdì fóònù. Àwọn tó ń fi ọ̀dà kọ pátákó rí i pé ẹ̀rọ ti ń tẹ ọ̀rọ̀ sójú aṣọ ọ̀rá tó rọ́pò pátákó kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ tán. Mo máa ń ro ti bàbá Ìsẹ̀ yẹn, inú mi a sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù hù káàkiri bí olú. Àwọn ọmọ yunifásítì ní Ìkẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ya eré apanilẹ́rìn-ín. Bí mo bá bi wọ́n níṣẹ́, wọn kì í pe ara wọn ní àgbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń ní àwọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, aṣọ ló yàtọ̀.

Nínú gbogbo àwọn tí mo máa ń bẹ̀ wò, ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Alàgbà Jóṣúà ní Ìsẹ̀. Ìjọba àtijọ́ kan kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà kan síbẹ̀, ilé gbọọrọ onípáànù, níbi tí Alàgbà ti ń gbẹ́ igi tó sì ń kọ́ àwọn mìíràn. Ilẹ̀kùn ni, òpó ilé ni, àga ọba ni. Bí ó bá gbé àáké sí igi ọmọ̀, n kì í lè sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi í níṣẹ́, yóò ní àgbẹ̀ ni òun, kò sì ní rẹ́rìn-ín sí i.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ìtìjú bíi ti àwọn yòókù. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù, àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ ní ère ni igi gbígbẹ́, kò sì yẹ onígbàgbọ́. Ó dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó ní láti ọjọ́ náà lọ àgbẹ̀ ni òun. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Kò lè fi igi sílẹ̀, kò sì lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an, òun ló gbẹ́ àga ìwàásù. Gbogbo ìjọ ló mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ. Wọ́n fi í jẹ alàgbà, wọ́n sì ń dúró lẹ́yìn igi tó gbẹ́ láti wàásù pé kí a má ṣe ère.

Mo mọ bí mo ṣe máa ń bi í. N kì í ní, "Kí ni iṣẹ́ yín?" Mo máa ń jókòó, a ó sọ̀rọ̀ òjò, a ó sọ̀rọ̀ ọmọ, lẹ́yìn náà n ó ní, "Baba, kí lẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí?" Yóò ní, "Mo gbẹ́ ulẹ̀kùn kan fún ará Adó." Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sì da ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ìyẹn tó láti fi kà á mọ́ àwọn agbẹ́gi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ohun tí ọ̀gá wọn bá ní òun jẹ́ ni àwọn náà máa ń ní àwọn jẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ̀rọ ló wá yí i padà. Mo lo gègé àti pépà, mo lo ẹ̀rọ ìṣirò, mo kọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí ojú mi ti ń rí bàìbàì. Mi ò bá wọn jà. Ní ìparí iṣẹ́ mi, wọ́n kó tábúlẹ́ẹ̀tì dé. Wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbé e kiri, wọ́n fi èmi ṣe alábòójútó wọn ní gúúsù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ lórí iṣẹ́: kí ni olórí iṣẹ́ yín? Ẹ ó tẹ ìdáhùn kan, ojú ewé kejì yóò ṣí. Mo pariwo ní ìpàdé. Mo ní kí wọ́n fi "kí lẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí" kún un. Ọ̀gá wa tuntun, ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ mi, ní, "Màmá, ìbéèrè tó bá gùn ń fi àkókò ṣòfò."

Nígbà tí èsì dé, mo jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ní Adó. Oko ló kún gbogbo ojú rẹ̀. Ní Ìsẹ̀, níbi tí ọba ilẹ̀ mìíràn ti máa ń ránṣẹ́ wá gba ilẹ̀kùn, kò sí agbẹ́gi kankan. Ọ̀gá tuntun sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ ọnà tí kò bá ti ní oníṣẹ́ mọ́ ni ìjọba yóò gbà fún nǹkan mìíràn. Àyè díẹ̀ ṣì wà láti tún èsì yẹ̀ wò. Ó ní bí mo bá rí ẹni tó sọ pé agbẹ́gi ni òun, kí n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Mo gba Ìsẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Alàgbà wà nínú ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú Mọ́rẹ̀nikẹ́, àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń ṣe tísà ní ilé ìwé aládàáni, ṣùgbọ́n igi ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti bàbá rẹ̀. Òun ni yóò máa kọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀ bí bàbá bá sinmi, ohun tó sì fẹ́ láyé nìyẹn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ní ẹ̀rọ yìí kò gba "lọ́sẹ̀ yìí", olórí iṣẹ́ ló ń bèèrè. Mo ní bí wọn kò bá sọ ọ́, ìjọba yóò ti ilé yìí pa.

Lẹ́yìn náà mo bèèrè. "Baba, kí ni olórí iṣẹ́ yín?"

Ó gbé àáké rẹ̀ kalẹ̀. "Àgbẹ̀ ni mí."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ kúnlẹ̀. "Baba mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́."

"Ùwọ ọmọ yìí, uwájú Ọlọ́run ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé kí n di onírọ́ torí ulé páànù?"

"Ẹ ò di onírọ́, Baba. Òótọ́ ni."

Alàgbà tún gbé àáké rẹ̀. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi yí. Ìka mi wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Bí mo bá tẹ ibi kan báyìí, ilé náà ti bọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Mo wo ọwọ́ bàbá, mo wo èérún igi tó kún ilẹ̀, ojú mi ti bèèrè tán, ó sì ti rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò sọ ọ́. Mo yíjú sí Mọ́rẹ̀nikẹ́, mo bi òun náà. Ó wo bàbá rẹ̀.

Ó ní, "Tísà ni mí, mà." Ó dìde, ó sì jáde.

Mo kọ ohun tí wọ́n sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé òmùgọ̀ ni mí, bóyá òótọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìkànìyàn, ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òtítọ́ tí ẹ mọ̀ àti òtítọ́ tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ kò ní jẹ́ ọ̀kan náà. N ò kábàámọ̀ ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gba ilé iṣẹ́ náà tí wọ́n kó sìmẹ́ńtì sínú rẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ túká. Àwọn kan ń gun ọ̀kadà. Ní èsì tó tẹ̀lé e, iṣẹ́ ọkọ̀ gbèrú ní Ìsẹ̀, ọ̀gá wa sì ní ìlọsíwájú ni.

Mo fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Mọ́rẹ̀nikẹ́ wá sí Ìkẹ́rẹ́, ó ní bàbá òun kò gbádùn, ó sì ń bèèrè mi. Nígbà tí a dé Ìsẹ̀, àwọn ará ìjọ ti kún yàrá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá gbàdúrà. Pásítọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú Bíbélì. Alàgbà Jóṣúà ti rù, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣì tóbi.

Ó ní, "Ìyá Oníbéèrè, bi mí."

Mo ní, "Baba, mo ti fẹ̀yìn tì. Mi ò ní ibi tí mo máa kọ ọ́ sí mọ́."

"Mo ní o bi mí."

Mo sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Baba, kí ni olórí iṣẹ́ yín?"

Ó wo pásítọ̀, ó wo àwọn àgbà ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ugi ni mo í gbẹ́. Láti kékeré. Mi è ṣíwọ́ rí."

Pásítọ̀ pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó tẹ orí ba. Alàgbà na ọwọ́ sí ibi tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ dúró sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ní kí n bi ọmọ òun náà. Mo bi í. Omijé ò jẹ́ kó lè sọ ọ́ dáadáa. "Igi ni mo ń gbẹ́, mà."

Bàbá rẹ̀ ní, "Sọ ọ́ sókè, kí ùjọ gbọ́."

Ó sì sọ ọ́ sókè.